Ṣé a lè gun kẹ̀kẹ́ wọ igbó Gashaka lọ wo ìnàkí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ni mò ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wọ igbó Gashaka-Gumti ní Taraba lọ wo ìnàkí. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, àbúrò mi, àmọ́ ẹsẹ̀ lẹ ó fi rí ìnàkí. Kẹ̀kẹ́ kàn máa gbé yín dé etí igbó ni. (Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń sọ o, ẹ̀yin ará Abuja, kì í ṣe ti Marwa.)

Ẹ wọ ọkọ̀ dé Jalingo, kẹ́ ẹ gba Bali lọ sí Serti. Ọ́fíìsì igbó náà wà níbẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó sì ti gba àṣẹ àti ẹ̀ṣọ́ tó máa mú yín wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bí ọ̀nà ṣe rí. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má wá, ẹ jókòó sílé.

Àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì. Lójò, odò á kún, ẹrẹ̀ á há sáàárín táyà àti irin títí táyà ò ní yí mọ́. Mo ti rí ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ olówó ńlá lérí ju bó ṣe gùn ún lọ.

Eṣinṣin tsetse, èyí tó máa ń jẹni, ló máa kọ́kọ́ kí yín. Ohun tó bá ń rìn ló ń lé, ó sì fẹ́ràn àwọ̀ búlúù àti dúdú. Ẹni tó wọ jíńsì búlúù gun kẹ̀kẹ́ ti fi ara rẹ̀ ṣe sàárà. Ẹ wọ kákí alápá gígùn, kẹ́ ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìjàlọ.

Nínú igbó, ẹ máa wo òkè. Alaalẹ́ ni ìnàkí ń tẹ́ ibùsùn tuntun sórí igi. Bí ewé rẹ̀ bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọn ò tíì jìnnà. Bó bá ti gbẹ, ẹ máa lọ. Ẹ fetí sílẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀bọ onímú funfun ibẹ̀ ní igbe tó ń ké fún ẹkùn, ó ní ti idì. Bó bá ké méjèèjì pọ̀, agbo wọn fẹ́ ṣí nìyẹn. Inú Gashaka yìí gan-an ni àwọn olùwádìí ti rí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006.

Ẹni tí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe kó dúró ní Serti. Ọ̀fìnkìn tiwa lè pa ìnàkí.