Omi Kànga Tí Ó Ń Ba Àwọ̀ Eyín Jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Abúlé kan nítòsí Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé. Àyẹ̀wò fi hàn pé fluoride (èròjà kan tí ó máa ń ba eyín jẹ́ bí ó bá pọ̀ jù nínú omi) inú omi kànga wa jẹ́ mílígíráàmù 3 nínú lítà kan, eyín àwọn ọmọ wa sì ti di rúsúrúsú. Ṣé tí a bá sè é, tàbí tí a fi èédú sẹ́ ẹ, yóò kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí ó ju mílígíráàmù 1.5 lọ, nítorí náà ẹ̀rù yín tọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé sísè: omi ni ó ń gbẹ, fluoride kì í bá a lọ, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ìkòkò a sì tún pọ̀ sí i. Èédú igi lásán náà kò fi bẹ́ẹ̀ mú un.

Èédú egungun ni ó ń mú un. Egungun màlúù (kí ó jẹ́ èyí tí a dúńbú, kí ọkàn gbogbo ilé lè balẹ̀) ni a ń sun nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀, tí a ó sì fọ́ ọ sí wóró-wóró. Bí omi bá ti ń gba àárín rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, fluoride a máa lẹ̀ mọ́ èròjà inú egungun náà. Èyí tí kò jóná dáadáa a máa mú omi rùn, nítorí náà ẹ wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó bá yá, èédú náà a yó, kò ní lè mú nǹkan mọ́, àfi kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò omi lóòrèkóòrè nìkan ni ó lè sọ ìgbà náà fún yín. Títí di ìgbà tí ẹ ó fi rí i ṣe, omi òjò tí a gbè sínú ohun èlò mímọ́ ni kí ẹ máa fún àwọn ọmọ mu.