Ọmọ tó ti ń jókòó kí bàbá àgbà tó lọ: ṣé Babátúndé ni?

Ìyá ọmọ kan tó ń gbé ní Àkúrẹ́ ló béèrè. Ọmọkùnrin rẹ̀ pé oṣù méje, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó láìfẹ̀yìn ti nǹkan, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún 84, dolóògbé ní Oǹdó. Bàbá náà ló sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ ìkómọjáde. Níbi ìsìnkú, àwọn àbúrò bàbá lóbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ní Babátúndé. Ẹlòmíràn tún ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ló lé bàbá lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ yẹn bá àṣà mu, àti ohun tí òun lè fi dáhùn ọ̀rọ̀ kejì.

Ẹ kú ọwọ́ lómi, ìyá ọmọ. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n kí èèyàn ní kíkí méjèèjì yìí lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ mi obìnrin ń rákòrò nígbà tí ìyá mi lọ. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ń sunkún, wọ́n tún ń gbé e jó. Ìyá mi yẹn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbá ọrùn ìkókó mú tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òwe kọ́ nìkan ni “àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́”, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti orúkọ. Ọmọ yín kì í ṣe Babátúndé. Ẹ wo inú orúkọ náà: bàbá tún dé. Ẹni tí yóò tún dé gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ lọ. Ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn tí bàbá àgbà ti kú ni à ń sọ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ bàbá bàbá rẹ̀, ì báà jẹ́ bàbá ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló lọ, tí a sì bí obìnrin, a ó ní Ìyábọ̀, tàbí Yétúndé, tàbí Yéwándé. Yèyé ni “Yé” tó wà níbẹ̀ yẹn. Babátúnjí náà wà, Babárìndé wà, gbogbo wọn ni lílọ ti ṣáájú bíbọ̀. Bàbá ọkọ yín gbé ọmọ yìí lọ́wọ́, ó pè é, ọmọ wo ojú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ wà láyé nígbà kan náà. Báwo ni ọ̀kan ṣe máa jẹ́ èkejì?

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Tí wọ́n bá ń sin àgbà, wọ́n á kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó bá wọn jẹ, wọ́n á sì bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá yà lọ́dọ̀ àwọn. Tí wọ́n bá wá bímọ, wọ́n á ṣe àkọsẹ̀jayé, Ifá á sọ bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe tẹ ilé ayé. Wọ́n tún ń ṣe ìmọrí láti mọ̀ bóyá ìdílé bàbá ni orí ọmọ ti wá tàbí ti ìyá. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ọmọ-ìyá mẹ́ta lè bí Babátúndé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn bàbá kan ṣoṣo, síbẹ̀ wọ́n á ṣì máa lọ sí ojú oórì bàbá, wọ́n á máa pè é, wọ́n á máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kò fi ọ̀run sílẹ̀. Ìwà rẹ̀, ìrísí rẹ̀, ohun kan lára rẹ̀ ló yà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í dá Ifá mọ́ lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí là ń lọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa.

Ọ̀rọ̀ kejì ló dùn mí. Yorùbá gbà pé ẹsẹ̀ ọmọ tàbí ti ìyàwó tuntun lè mú ire wọlé, lóòótọ́. Bó bá wá jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò, bàbá tó lo ọdún 84, tó rí ọmọ-ọmọ, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì sin ín, ibo ni ẹsẹ̀ burúkú wà níbẹ̀? Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bàbá ti bímọ.

Ẹ rántí òwe tí gbogbo wa máa ń pa níbi òkú: bí iná bá kú, a feérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tó bá ti ṣe oko lágbègbè wa ló mọ bí ó ṣe jinlẹ̀ tó. Inú oko kòkó ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ sí lọ́dọ̀ wa, nítorí òun la fi ń ṣíji bo kòkó tó bá ṣì kéré. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí a bá ti gé èso rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí, yóò gbẹ, yóò wó. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kì í dúró dìgbà tí ìyá bá wó kó tó hù. Ó ti yọ nídìí tipẹ́, ìyá ṣì wà lóòró, ewé wọn ń kan ara wọn. Àgbẹ̀ á fi èyí tó lágbára sílẹ̀, á wú ìyókù lọ gbìn síbòmíràn. Mi ò tíì gbọ́ kí àgbẹ̀ kan sọ pé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀. Ìgbà tí kò bá rí ọmọ kankan nídìí ni àyà rẹ̀ máa ń já.

Ipò tí ọmọ yín wà nìyẹn. Ó hù nígbà tí bàbá ṣì dúró.

Nítorí náà, orúkọ tí bàbá sọ ọ́ ni kó máa jẹ́. Orúkọ tí àgbà fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu kó tó pè é kì í ṣe ohun tí a ń pààrọ̀ lẹ́yìn oṣù méje. Bí ẹbí bá fẹ́ kí “bàbá” wà nínú orúkọ rẹ̀ dandan, Babáfẹ́mi wà, Babáyẹmí wà, méjèèjì kò ní kí bàbá kọ́kọ́ kú. Bí ẹ bá tún wá bí ọkùnrin mìíràn, òun ló ni Babátúndé. Tí ẹ bá ti sọ ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa wá pe òun?

Ẹ má bá àwọn ìyá yẹn jà. Ẹ̀gbọ́n wọn ló lọ, wọ́n sì ń wá a kiri lójú ọmọ. Tí ẹ bá padà sí Oǹdó, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀, ẹ ní: “Ẹ̀yin ìyá wa, bàbá ló sọ ọmọ yìí lórúkọ. Ẹ bá mi máa fi orúkọ yẹn pè é. Babátúndé ń bọ̀ lọ́nà.” Ẹ sì ní kí wọ́n kọ́ yín ní oríkì ilé wọn, ìyẹn tí wọ́n fi ń ki bàbá, kí ẹ ti mọ̀ ọ́n lórí kí ọmọ tó gbé ẹsẹ̀ kìíní.