Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Wọ́n ní kí n bá ọmọ iléèwé gun òkè ní Jàmáíkà

Ẹ̀gbọ́n, ọkun o. Tísà ni mí ní Ìyàrá. TAC, àwọn tíjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1987 láti máa rán ọmọ Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ sìn nílẹ̀ òkèèrè, ti mú mi, ọdún 2 ní Jàmáíkà. Iléèwé tí mò ń lọ ní àwọn ọmọ wọn fẹ́ gun Blue Mountain, kí n bá wọn lọ. Ṣé kí n gbà? Àárín àpáta la ṣáà dàgbà sí.

Tísà, ọkun, ẹ kú oríire. Ẹ gbà á o, ṣùgbọ́n ẹ má fi àpáta ilé wa wọ̀n ọ́n. Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja tá a fi ń yangàn, bíi mítà 458 ni, mọ́tò gan-an ń gùn ún. Ti tọ̀hún jẹ́ mítà 2,256, ẹ to Patti 4 léra kò tíì kan orí ẹ̀. Òru, bíi aago 2, ni ọ̀pọ̀ ti ń gbéra kí wọ́n lè bá oòrùn lókè níbi tó ti ń yọ, tójú ọ̀run bá mọ́ kedere èèyàn lè rí Kúbà lọ́ọ̀ọ́kán.

Àìsàn òkè gíga tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, láti bíi mítà 2,500 ló sábà ń bẹ̀rẹ̀, torí náà òtútù ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, bíi dígírì 6 ló ń já wálẹ̀ fún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, òjò ibẹ̀ ò sì kéré, ọmọ tó bá wọ jíǹsì tí òjò pa á, á gbọ̀n dé ilé ni. Kí kálukú di suẹ́tà kan sínú ọ̀rá.

Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa rìn. Àlejò ni yín, ẹni tó ń mú wọn lọ ló mọ ibi tó ń yọ̀, àwọn ọmọ tó lágbára á sì máa fò bí ewúrẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èyí tó dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a jà ni tiyín, tó ń bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí okùn ò sì tú. Èémí ló ń fi ìyẹn wá. Ẹ jókòó tì í, ẹ fún un lómi, ẹ má pè é lọ́lẹ. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ béèrè ẹni tó ní ikọ́ fée, kí ínhélà wà lápò òun fúnra ẹ̀, kó má lọ jẹ́ báàgì tísà tó ti lọ níwájú ló wà.

Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ògìdì pẹ̀lú bàtà tó fún, àtàǹpàkò mi dúdú bí èédú, lọ́sẹ̀ kejì èékánná já bọ́. Sísọ̀ ló ń pa ẹsẹ̀ ju gígùn lọ.

Ìwé àṣẹ òbí, kí iléèwé gbà á. Fótò náà, ọmọ olọ́mọ ni wọ́n, ẹ má jù wọ́n sórí Facebook láìgbàṣẹ.

Kọfí orí òkè yẹn lókìkí káàkiri ayé. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ rántí ẹni tó ní kẹ́ ẹ gé èékánná.