Ìdí tí wáàtì ò fi bára mu nínú superposition

Àbúrò, ìwọ tóo ní kọ́rẹ́ńtì tóo fi superposition ṣe (ìyẹn kéèyàn ṣírò ohun tí bátìrì kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó tó rò wọ́n pọ̀) bá ìdáhùn mu géérégé àmọ́ wáàtì, ìyẹn power, kéré sí tinú ìwé, má wulẹ̀ tún iṣẹ́ yẹn ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kò sóhun tó ṣe kọ́rẹ́ńtì ẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní nǹkan yìí nítòsí South Gate FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, níbí l'Ákùúrẹ́, ibi yìí gan-an ló máa ń jẹ máàkì wọn jù.

Ká mú eléyìí wò: bátìrì 12V gba inú 2 ohm wá, bátìrì 6V náà gba inú 2 ohm tiẹ̀ wá, àwọn méjèèjì wá pàdé lórí rẹ̀sísítọ̀ 1 ohm, pọ́sítíìfù wọn sì kọjú síbì kan náà. Pa 6V, ìyẹn ni pé kóo yọ ọ́ kúrò kóo fi wáyà dí àyè ẹ̀. 12V nìkan á ti 3A gba inú 1 ohm yẹn. Wá pa 12V, 6V nìkan á ti 1.5A. Rò ó pọ̀, 4.5A, ó parí.

Tó bá jẹ́ lábù lo wà, jọ̀ọ́, YỌ bátìrì yẹn kúrò kóo tó so wáyà o, má fi wáyà kan orí ẹ̀ méjèèjì. Mo ti rí i tí rọ́bà ara wáyà ń yọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ torí ó ní òun ń pa bátìrì. Tó bá jẹ́ current source (èyí tó ń ti iye kọ́rẹ́ńtì kan pàtó jáde) ní tiẹ̀, yíyọ náà ni, ṣùgbọ́n má so nǹkan kan síbẹ̀, fi í sílẹ̀ gbayawu.

Ó wá ku wáàtì. Kọ́rẹ́ńtì lóo máa sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, kóo tó wá fi rẹ̀sísítọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. 3A fún ẹ ní 9W, 1.5A fún ẹ ní 2.25W, lo bá rò ó pọ̀ lo rí 11.25W. Àmọ́ 4.5A ló ń gbabẹ̀ kọjá lóòótọ́, 4.5 lọ́nà 4.5 sì jẹ́ 20.25W. 9W tó fi 20.25W ju 11.25W lọ, òun ni 2 lọ́nà 3 lọ́nà 1.5, àárín kọ́rẹ́ńtì méjèèjì ló wà, kò sí bóo ṣe máa rí i tóo bá ń ṣe wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Yí ojú 6V padà wàá rí i dáadáa: kọ́rẹ́ńtì á di 1.5A, wáàtì á di 2.25W péré, síbẹ̀ 11.25W náà ni ìrò tìẹ á ṣì máa sọ. Torí náà rò kọ́rẹ́ńtì pọ̀ tán pátápátá kóo tó fọwọ́ kan wáàtì.

Tí ọ̀kan bá jẹ́ DC (tí kì í yí ojú padà, bíi ti bátìrì) tí èkejì jẹ́ AC (tó ń yí ojú padà léraléra), average power wọn ṣeé rò pọ̀, torí ohun tó wà láàárín yẹn á máa lọ sókè sódò, average ẹ̀ á wá jẹ́ òdo. Dependent source (èyí tí fólítì tàbí kọ́rẹ́ńtì ibòmíì nínú sákíìtì ń darí) ńkọ́? Má pa á rárá, fi sílẹ̀ síbi tó wà nígbà gbogbo. Tóo bá sì rí diode (tó ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ńtì gba ọ̀nà kan ṣoṣo) nínú sákíìtì, gbé superposition sílẹ̀, wá ọ̀nà míì.