Ṣé omíkan àti àjẹkù oúnjẹ lè rọ́pò mẹ́tánọ́ọ̀lù níbi ìtọ́jú omi ìdọ̀tí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Èmi ni mò ń bójú tó ibi ìtọ́jú omi ìdọ̀tí ní ẹ́sítéètì kan n'Ìbàdàn. Láàbù ní amóníà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú omi tó ń jáde, ṣùgbọ́n náítíréètì pọ̀. Wọ́n ní ká máa ra mẹ́tánọ́ọ̀lù sí i, apá wa ò sì ká owó rẹ̀. Àwọn ológì àti olóúnjẹ kún àdúgbò wa. Ṣé a ò lè lo ìdọ̀tí tiwọn?

Ìdáhùn: Ẹ lè lò ó, ó sì wù mí kẹ́ ẹ lò ó. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí ló dára.

Nínú táǹkì tí ẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, bakitéríà kan ń sọ amóníà di náítíréètì. Àwọn mìíràn ló ń sọ náítíréètì di gáàsì náítírójìn tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ibi tí kò sí ọ́síjìn ni àwọn wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí kábọ́ọ̀nù jẹ. Lọ́dọ̀ yín, oúnjẹ náà ti tán kí omi tó kàn wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi ń da mẹ́tánọ́ọ̀lù sí i nìyẹn. Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, iná tètè máa ń ràn án, májèlé sì ni. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ń rà á, tí omíkan sì ń ṣàn sí gọ́tà lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Omíkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ó ti kan tẹ́lẹ̀, ásíìdì inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ jẹ fún bakitéríà. Ní ti ìrẹsì, ẹ̀bà, èèpo iṣu àti èso tó ti ń bàjẹ́, ẹ gún wọn, ẹ pò wọ́n mọ́ omi nínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ dé, ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ 3 sí 5, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ. Omi rẹ̀ nìkan lẹ máa lò. Ẹ má gba ẹ̀wà, ẹran tàbí ẹja, torí náítírójìn wà nínú wọn, amóníà ni wọ́n máa dà. Omi ẹ̀gẹ́ tí àwọn onígààrí ń fún jáde ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn: sáyánáìdì inú rẹ̀ lè dá iṣẹ́ bakitéríà tó ń jẹ amóníà dúró.

Ẹ bi láàbù bóyá náítíréètì ni wọ́n kọ tàbí náítírójìn inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ náítíréètì, ẹ pín in sí 4.43 kẹ́ ẹ lè mọ náítírójìn inú rẹ̀. Ká ní omi yín jẹ́ 20,000 lítà lóòjọ́, tí ẹ sì fẹ́ yọ náítírójìn 30 mílígíráàmù nínú lítà kan, gíráàmù 600 nìyẹn. Gíráàmù náítírójìn kan ń fẹ́ COD (ìwọ̀n ọ́síjìn tó máa jó ìdọ̀tí oníkábọ́ọ̀nù inú omi tán; òun la fi ń mọ bí oúnjẹ bakitéríà ṣe pọ̀ tó) bíi gíráàmù 5, ó di kílò 3. Bí omíkan yín bá ní COD gíráàmù 30 nínú lítà, 100 lítà ló máa tó. Ẹ gbé e lọ sí láàbù kẹ́ ẹ tó ṣírò, torí kì í rí bákan náà lójoojúmọ́.

Ẹ má dà á sí táǹkì nígbà tí afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀, òfò ni. Bí ẹ ò bá ní táǹkì tí kì í gba afẹ́fẹ́, ẹ máa pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún wákàtí kan tàbí méjì, ẹ dà á sí i, kẹ́ ẹ tún tan ẹ̀rọ náà.

Bí oúnjẹ bá kéré, iṣẹ́ bakitéríà lè dúró lágbedeméjì, kí gáàsì nitrous oxide jáde; láàárín 100 ọdún, ìwọ̀n kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó ìlọ́po 273 ti carbon dioxide. Bó bá pọ̀ jù, COD máa bá omi yín jáde. Ẹ fi ìdajì ohun tẹ́ ẹ ṣírò bẹ̀rẹ̀, ẹ máa wọn náítíréètì lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bí kànga bá wà nítòsí ibi tí omi náà ń dà sí, ẹ yẹ òun náà wò. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí náítíréètì omi mímu má ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún ló sì wà nínú ewu jù.