Táǹkì ẹja àlòkù: ẹ jẹ́ kí omi sùn nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó tán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ kan tó ń kó kúrò ní Under-G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ ta táǹkì ẹja onígíláàsì rẹ̀ fún wa. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ni gígùn rẹ̀, 2 ni fífẹ̀, 2 ni gíga. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí òun ti da omi inú rẹ̀ nù, ẹ̀yìn ilé ló sì wà láti ìgbà náà. Owó tó pè é kò wọ́n rárá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé ní Sábó, pálọ̀ la sì fẹ́ gbé e sí. Àwọn ọmọ ti ń fún ẹja tí a kò tíì rà lórúkọ. Kí ló yẹ ká yẹ̀ wò, báwo la sì ṣe máa tò ó? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ.

Mo rí i pé owó rẹ̀ ló wù yín. N kò ní sọ pé kẹ́ ẹ má rà á, torí gíláàsì tuntun tó tóbi tó báyẹn, owó ńlá ni. Àmọ́ ọdún méjì nínú oòrùn lẹ́yìn ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Gíláàsì kì í gbó. Gọ́ọ̀mù sílíkóònù tó so ó pọ̀ ló ń gbó. Nítorí náà, ẹ bá olówó rẹ̀ sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín pé ẹ ó fi díẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì san ìyókù lẹ́yìn tí omi bá ti sùn nínú táǹkì náà ní òru méjì. Ẹni tó mọ̀ pé ọjà òun dára kò ní bínú sí ìyẹn.

Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ẹ fi èékánná tẹ gọ́ọ̀mù tó wà ní igun inú. Tó bá rọ̀ bíi rọ́bà, tó sì ń padà sí ààyè rẹ̀, ó ṣì dára. Tó bá ń ṣí bí èèpo iṣu sísè, ó ti tán. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ibi tí gíláàsì méjì ti pàdé gan-an. Àwọ̀ kan náà ló yẹ kó ní látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó funfun bí ẹni pé atẹ́gùn wọ ibẹ̀, gọ́ọ̀mù ti jáwọ́ lára gíláàsì níbẹ̀ nìyẹn. Fún ìwọ̀n tí ẹ kọ yìí, gíláàsì milimítà 12 ni mo máa ń fẹ́; 10 tó ní ìgbànú gíláàsì lókè, ìyẹn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí òkè rẹ̀ kó lè dì í mú, ṣì ṣeé gbà. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tó jẹ́ 6, ẹ kí olùkọ́ náà dáadáa, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé.

Ìta, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ni ẹ ti máa dán an wò. Ẹ tẹ́ fóòmù funfun sábẹ́ rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí fíríìjì tuntun. Ẹ bu omi sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ dúró fún wákàtí méjì, ẹ bu ú dé ìdajì, ẹ tún dúró, kẹ́ ẹ tó wá bu ú títí tó fi ku íǹṣì méjì kó kún. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká. Oòrùn lè fa omi náà wálẹ̀ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Ìwé ìròyìn ni kẹ́ ẹ máa wò: ibi tó bá rin, ibẹ̀ ló ń jò.

Tó bá jò ńkọ́? Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi tẹ́ igun inú nìkan ló ṣí, ó ṣeé tún ṣe. Ẹ fi abẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kì í ṣe ojú ibi tó ń jò nìkan, torí gọ́ọ̀mù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Ẹ fi sípíríìtì nu gíláàsì náà, ẹ fa tuntun sí i, ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan títí òórùn kíkan rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí àwọn púlọ́ńbà fi ń ṣe balùwẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní oògùn tó ń pa ebu, oògùn náà sì lè pa ẹja. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àárín gíláàsì méjì gan-an ló ti jáwọ́, ní táǹkì ẹsẹ̀ bàtà 6, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Omi tó máa kún inú rẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 680, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Gíláàsì fúnra rẹ̀ sún mọ́ kílò 120. Ẹ ro iyanrìn inú rẹ̀ àti irin tó máa gbé e mọ́ ọn: bí ẹni to àpò sìmẹ́ǹtì 18 jọ sójú kan ni, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Tèmi ni pé kó wà nísàlẹ̀. Bí kò bá ní ààyè nísàlẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà ilé kó fi ibi tí bíìmù gbà hàn yín. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe àárín pálọ̀. Wẹ́dà tó ṣe irin kò lè dá yín lóhùn lórí ìyẹn, èmi náà kò lè dá yín lóhùn. Bí ilé náà bá jẹ́ ilé àháyà, ẹ sọ fún lándílọ́ọ̀dù kí ẹ tó gbé e gòkè.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo gbé táǹkì ẹsẹ̀ bàtà 4 kalẹ̀ nílé oníbàárà kan, ìkánjú kò jẹ́ kí n nu orí tábìlì. Òkúta wẹ́wẹ́ kan tí kò tó ẹ̀wà wà lábẹ́ igun ọ̀tún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìdí táǹkì là láti igun yẹn wọ àárín. Èmi ni mo san owó rọ́ọ̀gì wọn. Láti ìgbà náà, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń nu orí irin kí n tó tẹ́ fóòmù lé e. Ẹ lo lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà náà, torí ilẹ̀ tó dà bíi pé ó tẹ́jú lójú lè dà síbì kan. Ìdí táǹkì ni kí ẹni mẹ́rin ti gbé e, kí wọ́n má fi ìgbànú òkè fà á, kí omi kankan má sì sí nínú rẹ̀.

Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o. Funfun tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànìnkànìn tuntun á bó o. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba lẹ fẹ́ lò, ẹ jẹ́ kó sùn nínú dúrọ́ọ̀mù tó ṣí sílẹ̀ kí kílórínì inú rẹ̀ lè fò lọ. Omi bohóòlù náà ẹ jẹ́ kó sùn, atẹ́gùn inú rẹ̀ sábà máa ń kéré.

Ibi tí àwọn ọmọ yóò ti sunkún rèé: ẹja kò ní wọlé lọ́jọ́ tí omi bá wọlé, àfi ọ̀kan tàbí méjì kékeré. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di ammonia, èyí tó jẹ́ májèlé fún un. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló máa ń sọ ọ́ di ohun tí kò léwu púpọ̀, inú fílítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì, ni wọ́n sì ń gbé. Ó máa ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹja rẹ̀ ń gbádùn, ẹ tọrọ fóòmù fílítà rẹ̀ tó ti dọ̀tí, kẹ́ ẹ fi sínú tiyín láìfọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí yẹn ni à ń wá.

Ti nẹ́pà, ẹ ra pọ́ǹpù atẹ́gùn tó ń lo bátìrì, kẹ́ ẹ sì gbé e sókè ju ojú omi lọ. Bó bá wà nísàlẹ̀, tí wọ́n bá mú iná, omi á gba inú rọ́bà rẹ̀ padà wá sílẹ̀, ẹ ó sì jí bá pálọ̀ tó ti di odò.

Bí àwọn ìbejì bá sọ pé ẹja àrọ̀ ni àwọn fẹ́, ẹ wá ìdérí tó wúwo. Òru ló máa ń fò jáde, ó sì lè wọ́ dé abẹ́ àga kí ilẹ̀ tó mọ́.