Egbòogi Ṣáínà fún àtọ̀gbẹ tó ti dé ojú àti kíndìnrín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti ń bá àtọ̀gbẹ fínra. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń ta wọ́n lóru bíi pé wọ́n tẹ iná, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, dókítà sì sọ pé pùrótéènì ti ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Ẹnì kan ní Bódìjà ta oògùn oníhóró láti Ṣáínà fún wọn, kò sì pẹ́ tí ṣúgà wọn fi já wálẹ̀. Wọ́n ti wá fẹ́ pa Daonil tí ilé ìwòsàn fún wọn tì. Ṣé kí n gbà fún wọn? — Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Ṣúgà tó tètè já wálẹ̀ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Oògùn kan tó gbajúmọ̀ ní Ṣáínà, Xiaoke Wan, ní glibenclamide, ìyẹn èròjà òyìnbó tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, nínú pẹ̀lú ewé àti egbò, glibenclamide yìí kan náà ló sì wà nínú Daonil. Àwọn tó ń ṣe Xiaoke Wan kò fi í pamọ́, ṣùgbọ́n àwọn aláyédèrú máa ń fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ sínú oògùn tí wọ́n ní ewé lásán ni. Bí ó bá wà nínú hóró tí màmá ń lò, a jẹ́ pé ìlọ́po ni wọ́n ń gbé mì, kíndìnrín tí agbára rẹ̀ ti dín kù kì í sì í tètè lé e kúrò lára, débi pé ṣúgà lè lọ sílẹ̀ lóru tí wọ́n á fi dákú.

N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ìṣègùn Ṣáínà. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn oníṣègùn wọn ti ń tọ́jú àìsàn òùngbẹ àti rírù tí wọ́n ń pè ní xiaoke, wọ́n sì máa ń lo gbòǹgbò huangqi àti danshen fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ojú àti nínú kíndìnrín, èyí tí àtọ̀gbẹ máa ń pa lára. Wọ́n ti dán danshen wò fún aláìsàn ojú, àwọn kan sì rí ìyàtọ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kéré, kò sì pẹ́ tó láti fi ojú ènìyàn lé lọ́wọ́.

Ní ti kíndìnrín, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ní ìlú Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó lo egbòogi Ṣáínà láti fi dín sísanra kù pàdánù kíndìnrín wọn, nítorí pé àwọn tó pèsè egbòogi náà ṣi gbòǹgbò Aristolochia mú dípò òmíràn. Àrùn jẹjẹrẹ sì tún mú àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà.

Ohun tó dáàbò bo iṣan tín-ín-rín, tí a ti rí ẹ̀rí rẹ̀ dájú, ni kíkápá ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, fi hàn pé kíkápá ṣúgà dín ìpalára náà kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, kíkápá ẹ̀jẹ̀ ríru sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí màmá dá hóró náà dúró lónìí. Ẹ kó páálí rẹ̀ àti gbogbo oògùn wọn lọ bá dókítà wọn, kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn ojú, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò. Bí wọ́n bá ń làágùn, tí ara wọn ń gbọ̀n, ẹ fún wọn ní omi ṣúgà mu kíákíá bí wọ́n bá lè gbé e mì, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín jù.